NNPC: ta ló ni ín, kí ló sì ń ṣe gan-an?

Ní ọjọ́ kan tí epo wọ́n gógó ní Ìbàdàn, mo ti wà lórí ìlà ilé epo kan láti aago mẹ́fà àárọ̀. Bàbá kan tó ń fi Micra ṣe kábúkábú ló wà níwájú mi. Bí a ṣe ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ìjọba ti ta NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, fún àwọn olówó. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, pé ìjọba ló ṣì ni ín, NNPC náà ló sì ń dá iye tí wọ́n ń ta epo. Ẹnì kẹta ní NNPC kò wa epo kankan rí, àwọn òyìnbó ló ń wà á, NNPC kàn ń gbowó ni. Bàbá onímicra yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ta la fẹ́ gbà gbọ́ nínú wọn?"

Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló di díẹ̀ nínú òótọ́ mú, ṣùgbọ́n ìlà kàn mí kí n tó ṣàlàyé dé ibì kankan. Èyí tí mò ń kọ yìí ni gbèsè àlàyé tí mo jẹ bàbá yẹn.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ NNPC rú mọ́ni lójú ni pé orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́, iṣẹ́ tó sì ti ṣe lábẹ́ orúkọ yẹn pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Ẹ fojú inú wo ìyálọ́jà kan. Ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú ọjà, ó ń tajà níbẹ̀. Òun kan náà ló ń fún àwọn tó kù ní ìsọ̀, òun ló ń yẹ òṣùwọ̀n wọn wò bóyá ó pé, òun ló ń parí ìjà. Bí owó ọjà bá wọlé, òun ló ń kà á, tó ń yọ ìnáwó kúrò níbẹ̀, kó tó gbé ìyókù lọ sí ààfin. Ìyálọ́jà náà lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, síbẹ̀ àwọn ọlọ́jà kò ní yéé fura sí i, ọba fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ iye tí ọjà rẹ̀ ń pa. Bí wọ́n ṣe dá NNPC sílẹ̀ ní 1977 nìyẹn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti gba àwọn iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà wọ́n ju ogójì ọdún lọ.

Kí NNPC tó dé

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ fún wọn pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Ní 1908, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Àràròmí, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí, nítorí ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde lójú ilẹ̀ níbẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà sì dúró.

Nígbà tó máa fi di 1938, ìjọba amúnisìn fún Shell D'Arcy nìkan ní ẹ̀tọ́ láti wá epo káàkiri Nàìjíríà. Ẹ rò ó wò ná: gbogbo ilẹ̀, láti Bàdágírì títí dé etí Adágún Chad, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan. Wọ́n wá a títí wọ́n fi rí i ní Oloibiri ní 1956, ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní. Ní 1958, ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gbé epo rọ̀bì Nàìjíríà lọ sí òkè òkun. Nǹkan bí àgbá 5,100 ni kànga ń mú jáde lójúmọ́ nígbà yẹn. Lítà 159 ló wà nínú àgbá kan.

Kí ló kan Nàìjíríà nínú rẹ̀? Owó orí, àti owó tí wọ́n ń san lórí epo tí wọ́n wà jáde. Òfin owó orí epo tó jáde ní 1959 ní kí ìjọba àti iléeṣẹ́ pín èrè sí méjì ọgbọọgba. Ó dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ iléeṣẹ́ ló mọ iye tó ná, iléeṣẹ́ ló mọ iye tó tà, òun náà ló ń ṣírò èrè. Nàìjíríà kò lẹ́nì kankan nídìí kànga tó lè sọ pé, "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀."

Lọ́dún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ológun ṣe òfin epo rọ̀bì tuntun, tó sọ pé gbogbo epo tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà àti lábẹ́ òkun rẹ̀, ti ìjọba ni. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga omi sí ẹ̀yìnkùlé yín lónìí tí epo rọ̀bì tú jáde, ilẹ̀ lè jẹ́ tiyín, epo kì í ṣe tiyín. Àwọn tó ni ilẹ̀ ní Niger Delta kò tíì dárí ji òfin yẹn títí di òní, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wà níbẹ̀: epo inú ilẹ̀ kì í ṣe ti NNPC, kì í ṣe ti Shell, ti Nàìjíríà ni.

Lákòókò kan náà, OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Baghdad ní 1960, ń rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má kàn jókòó máa gba owó orí, kí wọ́n ní ìpín nínú iṣẹ́ náà fúnra wọn. Nàìjíríà fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1971, ìjọba Gowon dá NNOC sílẹ̀, iléeṣẹ́ epo àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Nàìjíríà, a sì di ọmọ ẹgbẹ́ OPEC ní oṣù keje ọdún kan náà. NNOC yìí ni ìyá tó bí NNPC.

Ìpín Nàìjíríà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ní 1973, a gba ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ Shell-BP, orúkọ tí Shell D'Arcy wá ń jẹ́. Ní 1974, ó di ìdá 55. Ní 1979, ó di 60. Ọdún 1979 yẹn náà ni ìjọba Obásanjọ́ gba gbogbo ìpín BP, iléeṣẹ́ epo ti Bìrìtìkó, láti fi bínú sí ìjọba Bìrìtìkó lórí ọ̀rọ̀ South Africa àti Rhodesia, ibi tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó ti dàgbà nígbà yẹn ṣì ń fi sọ̀rọ̀.

1977: ìyálọ́jà gba gbogbo kọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1977 ni NNPC bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa NNOC pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, wọ́n sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ọ̀gágun Obásanjọ́ ni olórí ìjọba, Muhammadu Buhari ni kọmíṣọ́nnà àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ epo. Ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n fi ṣe é yé mi: àwọn ọmọ Nàìjíríà tó mọ iṣẹ́ epo kò pọ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì fọ́n ká sí ibi méjì tí wọ́n ń bá ara wọn dù.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ni láti ṣòfin fún àwọn tó ń wa epo, láti fún wọn níwèé àṣẹ, láti máa ṣọ́ wọn. Iṣẹ́ NNOC ni láti wa epo kó sì tà á. Nígbà tí wọ́n di ọ̀kan, ẹ̀ka tó ń bẹ kànga wò tó sì ń wọn epo wà nínú NNPC fúnra rẹ̀. NNPC jẹ́ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Shell, ó tún jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ Shell, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ NNPC.

Kò pẹ́ tí ìfura fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Shagari kò tíì pé ọdún kan lórí oyè tí ariwo fi gba ìlú pé 2.8 bílíọ̀nù náírà owó epo ti pòórá. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1980, Adájọ́ Ayọ̀ Irikefe ló ṣe alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kò sí owó tó sọnù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà títí dòní, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí kò fi ìwé owó rẹ̀ han aráyé, bó bá wẹ̀ tó mọ́, wọn kò ní rí i. Ó di ọdún 2020 kí NNPC tó kọ́kọ́ gbé ìwé owó rẹ̀ tí ọ̀dítà ti yẹ̀ wò síta fún aráàlú, ìyẹn ti ọdún 2018. Ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀!

Ta ló ń wa epo?

Ibi tí ọkùnrin kẹta orí ìlà yẹn ti fẹ́ gba òótọ́ nìyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ NNPC fúnra rẹ̀ kọ́ ló fi wa èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n ń pè ní tirẹ̀. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ oko ṣàlàyé.

Àkọ́kọ́ ni àjọdá. Èmi àti ẹ̀yin dá owó pọ̀, a jọ ṣe oko kan, ẹnì kan nínú wa ló ń dúró ti àwọn lébìrà. Ìkórè dé, a pín in bí a ṣe dáwó. Bí NNPC àti Chevron ṣe wà nìyẹn, 60 sí 40. Nínú èyí tó wà pẹ̀lú Shell, kí Shell tó ta tirẹ̀ ní 2025, NNPC ní ìdá 55, Shell 30, Total 10, Agip 5. Ká ní iṣẹ́ kan máa gba 100 mílíọ̀nù dọ́là lábẹ́ àjọdá pẹ̀lú Chevron: NNPC gbọ́dọ̀ mú 60 mílíọ̀nù wá, Chevron á mú 40 wá. Nígbà tí epo bá jáde, wọ́n á pín in lọ́nà kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì lọ ta tirẹ̀.

Níbo ni NNPC ti máa rí 60 mílíọ̀nù yẹn? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti inú owó ìjọba ni. Owó oṣù òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ san, ọ̀nà wà tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìdìbò ń bọ̀. Nítorí náà, owó àjọdá kì í pé, nígbà míì kì í wá rárá. Nígbà tí ọdún 2015 fi máa parí, gbèsè tí NNPC jẹ àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ti tó nǹkan bí 6.8 bílíọ̀nù dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dúnàádúrà rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 5.1 bílíọ̀nù. Ìjìyà gbèsè yìí kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Kànga tí wọ́n kò gbẹ́ lónìí ni epo tí kò ní sí lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ọ̀nà kejì dà bíi ti àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Àgbẹ̀ ló mú gbogbo owó wá, òun ló ru gbogbo ewu. Bí oko náà kò bá ta, àdánù tirẹ̀ ni. Bó bá ta, yóò kọ́kọ́ yọ iye tó ná nínú irè oko, lẹ́yìn náà ni òun àti onílẹ̀ á pín ìyókù. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe irú àdéhùn yìí fún epo tó wà lábẹ́ ibú òkun, níbi tí owó iṣẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí ìjọba lè dá lọ. Pápá epo Bonga, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní 2005, ni àpẹẹrẹ tí àwọn èèyàn mọ̀ jù. Nínú àdéhùn yìí, NNPC ni onílẹ̀. Ohun tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni iye tí àgbẹ̀ ná lóòótọ́, nítorí bí àgbẹ̀ bá fi kún ìnáwó rẹ̀, ohun tí wọ́n máa pín á kéré.

NNPC ní ọmọ kan tó ń wa epo fúnra rẹ̀ o. NPDC ló ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988, ọdún tí wọ́n pín NNPC sí oríṣiríṣi iléeṣẹ́ kéékèèké. Nítorí náà, kì í ṣe òótọ́ pé NNPC kò wa epo rí. Àwọn òyìnbó gan-an sì ti ń kó kúrò lórí ilẹ̀: Shell ti ta iléeṣẹ́ rẹ̀ tó ń wa epo lórí ilẹ̀ fún Renaissance, tó jẹ́ àjọṣe àwọn iléeṣẹ́ Nàìjíríà àti iléeṣẹ́ kan láti òkè òkun, ní 2025.

Gáàsì ní ìtàn tirẹ̀, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú rẹ̀. NLNG tó wà ní Bonny, tó ń sọ gáàsì di olómi tí ọkọ̀ ojú omi lè gbé, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1999. Ìdá 49 ni NNPC ní níbẹ̀. Shell, Total àti Eni ló ni ìyókù. Ó ń jèrè, ó ń san owó orí, ó ń pín èrè fún ìjọba lọ́dọọdún. Èrò tèmi ni pé nọ́ńbà 49 yẹn ló ṣiṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìpín ìjọba kò ti tó ìdajì, kò sí mínísítà tó lè dédé pe ọ̀gá NLNG pé kó gbé owó wá fún nǹkan míì.

Ilé ìfọpo àti owó ìrànwọ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àpò wa, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

NNPC ní ilé ìfọpo mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ní Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ti Warri ní 1978, ti Kaduna ní 1980, ìkejì ní Port Harcourt ní 1989. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àgbá 445,000 ni wọ́n lè fọ̀ lójúmọ́. Nítorí náà ni ìjọba ṣe ń ya àgbá 445,000 sọ́tọ̀ fún NNPC lójoojúmọ́ nígbà náà: kó fọ̀ ọ́, kó fi ọ̀pá gbé e lọ sí Mosimi, sí Apáta ní Ìbàdàn, sí Ìlọrin, kí tánkà wá gbé e níbẹ̀ lọ sí ilé epo.

Nígbà tó yá, àwọn ilé ìfọpo bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n máa ṣe lóòrèkóòrè, wọn kò ṣe é lákòókò. Àwọn olè ń bẹ́ ọ̀pá. Àgbá 445,000 yẹn kò dáwọ́ dúró o. Kí ni NNPC ń fi ṣe? Ó ń tà á sókè òkun, tàbí kó fún àwọn oníṣòwò lókè òkun ní epo rọ̀bì kí wọ́n fi bẹntiróòlù ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì ṣe wá di ẹni tó ń ra bẹntiróòlù nìyẹn.

Ẹ wá fi owó ìrànwọ́ kún un. Ká ní lítà bẹntiróòlù kan dé èbúté Èkó ní 300 náírà. Ìjọba ní 165 ni kẹ́ ẹ tà á, gẹ́gẹ́ bó ti rí fún ìgbà pípẹ́ kó tó di 2023. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ san 135 náírà tó kù. Lórí mílíọ̀nù kan lítà, 135 mílíọ̀nù náírà nìyẹn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lítà la sì ń jó lójúmọ́. Nígbà kan, ìjọba ń san án fún àwọn oníṣòwò tó ń kó epo wọlé. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2012, bẹntiróòlù fò láti 65 lọ sí 141 náírà lóru ọjọ́ kan, ìlú sì dàrú. Èmi náà wà lára àwọn tó jáde. Wọ́n padà gbé e sí 97.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò sá, NNPC nìkan ló kù tó ń kó epo wọlé. Òun ló ń ta epo rọ̀bì wa, òun ló ń ra bẹntiróòlù, òun ló ń ru àdánù 135 yẹn. Bó ṣe ń gba owó rẹ̀ padà ni pé á ta epo rọ̀bì, á yọ àdánù náà kúrò nínú owó tó rí, á wá gbé ìyókù lọ sí àpò àpapọ̀ tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń pín lóṣooṣù. Àwọn gómìnà á jókòó máa retí. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún 2022, òdo ni NNPC gbé wá. Epo rọ̀bì wọ́n lọ́jà àgbáyé lọ́dún yẹn nítorí ogun Ukraine, ó yẹ kó jẹ́ ọdún ọlá fún ẹni tó ń ta epo.

Ẹ rántí ìyálọ́jà wa. Òun ló ń ka owó, òun ló ń yọ ìnáwó. Ta ló mọ̀ bóyá lítà tó ní òun gbé wọlé pé bẹ́ẹ̀? Ní 2013, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kọ̀wé sí Ààrẹ Jonathan pé 49.8 bílíọ̀nù dọ́là owó epo kò wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n jọ ṣírò rẹ̀, iye náà wálẹ̀. Nígbà tó fi máa dé iwájú ilé aṣòfin àgbà, nǹkan bí 20 bílíọ̀nù ló ń sọ. Wọ́n ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé ní oṣù kejì ọdún 2014. Iléeṣẹ́ PwC tó yẹ ìwé náà wò ní NNPC gbọ́dọ̀ dá 1.48 bílíọ̀nù dọ́là padà, ó kéré tán. Àárín 1.48 àti 49.8 ni àríyànjiyàn wà. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì máa wo owó orílẹ̀-èdè kan náà, kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣirò wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Òfin 2021

Láti 2008 ni àbádòfin tó fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ tò ti wọ ilé aṣòfin. Ìjọba mẹ́ta ló bá a yí. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i, èèyàn kan náà tó ń ṣe kọmíṣọ́nnà epo nígbà tí wọ́n bí NNPC. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n forúkọ NNPC Limited sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń forúkọ iléeṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, wọ́n sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù keje ọdún 2022.

Ọ̀rọ̀ "Limited" yìí ló mú kí ọkùnrin àkọ́kọ́ orí ìlà yẹn gbà pé wọ́n ti tà á. Wọn kò tà á. Gbogbo ìpín rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba: ìdajì lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń dúró fún ètò ìṣúná, ìdajì lábẹ́ èyí tó ń dúró fún ọ̀rọ̀ epo, ní orúkọ gbogbo Nàìjíríà. Òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ìpín náà tàbí kó fi yáwó, àyàfi tí ìjọba bá fọwọ́ sí i tí ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé àpapọ̀, níbi tí àwọn gómìnà jókòó sí, sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ohun tó yí padà ni pé NNPC di iléeṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wá èrè, kó san owó orí, kó gbé ìwé owó rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kó sì lè yáwó láìní máa dúró de ètò ìṣúná. Iṣẹ́ ìṣọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, àjọ méjì tuntun ló sì ń ṣe é báyìí. NUPRC ló ń ṣọ́ àwọn tó ń wa epo. NMDPRA ló ń ṣọ́ ilé ìfọpo, ọ̀pá, tánkà àti ilé epo. Ó ti ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀: wọ́n ti gbé ẹ̀ka ayẹ̀wò jáde nínú NNPC láti àwọn ọdún 1980, ó wá di DPR tí àwọn àgbà ilé epo ṣì ń pe orúkọ rẹ̀. Òfin yìí náà ló ya ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó iléeṣẹ́ epo kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo. Wọ́n béèrè fún mẹ́wàá.

Ibì kan wà nínú òfin náà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní kí NNPC máa yọ ìdá 30 nínú epo èrè, ìyẹn ìpín onílẹ̀ nínú epo tó kù lẹ́yìn ìnáwó, tó bá jáde láti inú àdéhùn bíi ti àgbẹ̀ àti onílẹ̀ yẹn, láti fi wá epo níbi tí wọn kò tíì rí i. Owó ńlá ni, bí wọ́n sì ṣe kọ òfin náà, ṣe ni yóò bọ́ kúrò kó tó dé àpò àpapọ̀. Àṣà ìyálọ́jà wa nìyẹn.

Láti 2023

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu sọ níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Láàárín ọjọ́ méjì, NNPC ti gbé bẹntiróòlù sí 488 náírà ní Èkó. Ẹni tó ń ta epo rọ̀bì wa náà ló kéde iye tuntun, kò sì sí oníṣòwò míì tó ń kó epo wọlé tí a lè fi wé e. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kejì orí ìlà fi rò pé NNPC ló ń dá iye epo. Nígbà yẹn, ó gba òótọ́.

Nǹkan ti yí díẹ̀. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, tó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í mú bẹntiróòlù jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. NNPC fẹ́ ra ìdá 20 níbẹ̀ ní 2021, ìdá 7.2 ló padà sanwó fún. Ilé ìfọpo Port Harcourt tí wọ́n tún ṣe padà ṣiṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n sì tún tì í ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Báyìí, tí Dangote bá já owó epo sílẹ̀, àwọn ilé epo NNPC náà máa ń já tiwọn sílẹ̀. Ìyálọ́jà ti di ẹnì kan láàárín àwọn ọlọ́jà, ó kù bóyá á lè tajà bíi tiwọn.

Kí ìlà tó kàn wá lọ́jọ́ yẹn, bàbá onímicra bi mí ní ìbéèrè kan tó ká a lára ju gbogbo èyí lọ. Ó ní òun ní kẹ́ẹ̀gì kan tó gba lítà mẹ́wàá géérégé, pé ilé epo kan wà ládùúgbò òun tí ẹ̀rọ wọn máa ń kọ mọ́kànlá tí òun bá ra epo kún un. Ta lòun máa fẹjọ́ sùn, ṣé NNPC ni? Rárá o, bàbá. NMDPRA ni. Àwọn ló ń yẹ ẹ̀rọ wò, àwọn ló lè ti ilé epo pa. Bó bá jẹ́ ilé epo NNPC fúnra rẹ̀ ló rẹ́ yín jẹ, ọ̀dọ̀ NMDPRA náà ni kẹ́ ẹ lọ. Ká ní 1977 ni, ọ̀dọ̀ NNPC lẹ ì bá gbé ẹjọ́ NNPC lọ.